Bí A Ṣe Ń Fi Ìró Wo Iṣan Àgbàlagbà Tí Ó Sanra

Àwọn Yorùbá máa ń pa á lówe pé, "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀." Òótọ́ ni òwe yìí nípa aṣọ, ṣùgbọ́n kì í fi ìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀ nípa ara ènìyàn. Bí o bá rí ìyá àgbà kan tí ó sanra, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé ìyá náà ń jẹ ayé. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa nígbà tí ó bá fẹ́ dìde lórí àga. Bí kò bá lè nàró àfi bí ó bá fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọ̀rá ni ó pọ̀ ní ara rẹ̀, tí iṣan rẹ̀ sì ti gbẹ.

Iṣan ni ẹran ara tí ó so mọ́ egungun, tí a fi ń rìn, tí a fi ń gbé ẹrù, tí kì í sì jẹ́ kí a ṣubú. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, iṣan a máa dín kù. Ní ọdún 1988, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Irwin Rosenberg, dábàá orúkọ fún un: sarcopenia. Inú èdè Gíríìkì ni ó ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìtó ẹran ara. Ní ara àgbàlagbà tí ó tínrín, ojú lè rí i. Ní ara ẹni tí ó sanra, ọ̀rá a bò ó mọ́lẹ̀. Òṣùwọ̀n pàápàá kò lè sọ ọ́, nítorí pé bí ọ̀rá bá rọ́pò iṣan tí ó lọ, iye kan náà ni òṣùwọ̀n yóò máa kà.

Níbi yìí ni ẹ̀rọ tí ń fi ìró wo inú ara ti wúlò. Òun ni a ń pè ní síkáànì, tí a fi ń wo ọmọ inú aboyún. Ìró rẹ̀ ga ju èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ. Àgbàlagbà náà yóò dùbúlẹ̀, yóò sì dẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Dókítà yóò fi ohun kan tí ó ń yọ̀ bí omi ilá pa á ní itan, yóò sì gbé orí ẹ̀rọ lé e. Bí ìró bá kan ibi tí ọ̀rá ti pàdé iṣan, tàbí ibi tí iṣan ti pàdé egungun, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò ta padà, gẹ́gẹ́ bí ohùn rẹ ṣe ń padà bí o bá kígbe sí ara àpáta. Ẹ̀rọ yóò fi àkókò tí ó gbà ṣírò bí ọ̀nà ṣe jìn tó, yóò sì ya àwòrán. Lára àwòrán yìí ni dókítà ti ń wọn bí iṣan ṣe nípọn tó. Iṣan tí ó dára a máa dúdú. Èyí tí ọ̀rá ti wọ inú rẹ̀ a máa funfun.

Ẹ̀rọ yìí kò ní ìtànṣán bíi ti ẹ̀rọ X-ray, a sì lè gbé e tọ aláìsàn lọ lórí ibùsùn. Síbẹ̀, ó ní àléébù tirẹ̀. Bí ọwọ́ dókítà bá wúwo, ẹ̀rọ yóò tẹ iṣan mọ́lẹ̀, yóò sì dà bí ẹni pé iṣan náà fẹ́lẹ́ ju bí ó ti rí lọ. Ọ̀rá tí ó bá nípọn púpọ̀ a sì máa gba agbára lọ́wọ́ ìró, àwòrán a wá ṣe bàìbàì. Nítorí náà, a kì í fi àwòrán nìkan ṣe ìdájọ́. A gbọ́dọ̀ dán agbára wò pẹ̀lú. Bí àgbàlagbà bá dìde lórí àga, tí ó tún jókòó, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀, tí ó sì gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ, àmì àìlágbára ni.

Kí ni ìdí tí ó fi yẹ kí o mọ èyí? Ẹni tí iṣan rẹ̀ gbẹ tètè máa ń ṣubú, egungun àgbà tí ó bá sì kán kì í tètè so. Bí a bá wo sísanra nìkan, tí a ní kí ó máa fi ebi pa ara rẹ̀, iṣan díẹ̀ tí ó kù yóò bá ọ̀rá lọ. Ohun tí ó yẹ ni eré ìdárayá tí ń fún iṣan lágbára, àti oúnjẹ bí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, gẹ́gẹ́ bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀. Nítorí náà, bí àgbàlagbà ilé rẹ bá ń sọ pé ẹsẹ̀ òun kò gbé òun mọ́, má ṣe wo sísanra rẹ̀ kí o sì sọ pé kò sí nǹkan. Ìlera ni oògùn ọrọ̀.