Ètò epo ọkọ̀ òfurufú

Ètò epo ọkọ̀ òfurufú jẹ́ ìṣirò tí wọ́n máa ń ṣe kí ọkọ̀ tó gbéra, láti mọ ìwọ̀n epo tí ìrìn-àjò náà gbà. Bí àpẹẹrẹ, ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì tó ń lọ láti Èkó sí Àkúrẹ́ kì í gbé kìkì epo tí yóò gbé e débẹ̀. Ìlànà àjọ ICAO béèrè fún epo fún ohun àìròtẹ́lẹ̀, epo tí yóò gbé e dé pápá mìíràn, irú bí ti Benin tàbí Ìlọrin, àti epo ìkẹyìn tí ó tó fún ìṣẹ́jú 30 lójú òfurufú.

Kùrukùru ọyẹ́ lè bo Àkúrẹ́ débi pé ọkọ̀ kò ní lè balẹ̀. Awakọ̀ lè máa yípo fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ yà lọ sí pápá kejì nígbà tí epo rẹ̀ ṣì lè gbé e débẹ̀ láìfọwọ́ kan epo ìkẹyìn. Bí ó bá hàn pé yóò jẹ nínú epo ìkẹyìn kí ó tó balẹ̀, dandan ni kí ó ké "Mayday fuel" lórí rédíò.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní ọdún 1990, epo tán nínú ọkọ̀ Avianca 52 nítòsí New York, lẹ́yìn tí ó ti yípo fún ohun tó ju wákàtí kan lọ. Àwọn awakọ̀ sọ pé epo ń tán lọ, ṣùgbọ́n wọn kò kéde pàjáwìrì. Ènìyàn 73 ló kú.