Ta ni yóò pín òkun Ghana fún ẹ̀fúùfù?

Nínú ọ̀pọ̀ agboolé ní Sabon Zongo, ní Accra, ìdílé mélòó kan ló ń lo mítà iná kan ṣoṣo. Bí owó inú mítà bá tán, ìjà a bẹ̀rẹ̀: ta ló tan fíríìjì mọ́jú, ta ló ń lọ aṣọ lóru? Láàárín 2012 sí 2016, nígbà tí dumsor, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀, le jù, nígbà púpọ̀ kò tilẹ̀ sí iná tí wọ́n ń jà lé lórí.

Láti 1965 ni omi ìsédò Akosombo ti ń fún Ghana ní iná. Lónìí, gáàsì ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná ìlú. Etíkun níhà Ningo àti Ada wà lára ibi tí ẹ̀fúùfù ti dára, wọ́n sì ti pète ọgbà ẹ̀rọ ẹ̀fúùfù sórí ilẹ̀ níbẹ̀. Ghana kò tíì ní ọ̀kankan láàárín òkun. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká béèrè nísinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni tó ri òpó: ọwọ́ ta ni ọ̀rọ̀ náà wà?

Energy Commission, tí òfin 541 ti 1997 dá sílẹ̀, ló ń fún ilé iṣẹ́ iná ní ìwé àṣẹ, tó sì ń gba mínísítà nímọ̀ràn. Public Utilities Regulatory Commission (PURC) ló ń fọwọ́ sí iye tí a ń san fún iná. Bí a bá dé orí omi, ọkọ̀ ojú omi wà lọ́wọ́ Ghana Maritime Authority, ẹja wà lọ́wọ́ Fisheries Commission, epo rọ̀bì sì wà lọ́wọ́ Petroleum Commission. Òkun kan náà ni gbogbo wọn ń wò.

Lọ́dún 1991 ni Denmark ri ẹ̀rọ mọ́kànlá sínú òkun ní Vindeby, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé. Àpapọ̀ agbára wọn kò tó megawatt 5. Lónìí, iléeṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo, Danish Energy Agency, ló ń kó gbogbo ìwé àṣẹ jọ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé iná sínú òkun wọn. Òfin wọn tún ní kí ilé iṣẹ́ náà bá àwọn apẹja tí iṣẹ́ wọn yóò bàjẹ́ jókòó lórí owó gbà-má-bínú.

Ibi tí ọkàn mi wà nìyẹn. Lọ́dún 2018, ìjọba Ghana fẹ́ ti òkun pa fún oṣù kan kí ẹja lè bí sí i. Àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ igi fárígá pé ìjọba kò bá àwọn sọ ọ́ dáadáa, ètò náà sì dúró títí di 2019. Oṣù kan péré ni ìyẹn o. Òpó ẹ̀fúùfù á dúró síbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wáyà rẹ̀ á sì gba ìsàlẹ̀ omi wá sí èbúté.

Ní December 2020, Ghana wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣèlérí láti ṣe ètò fún gbogbo òkun wọn láàárín ọdún márùn-ún. Nínú ètò yẹn ni kí wọ́n ti fa ààlà ibi tí òpó lè dúró sí, kí olórí àwọn apẹja láti Keta dé Axim sì ti jókòó nídìí rẹ̀ kí Energy Commission tó kọ ìwé àṣẹ àkọ́kọ́.