Àáró, Ọ̀wẹ̀ àti Sàráà: Ẹ̀kọ́ Ilé Yíyà àti Àjọṣe Àwùjọ ní Ìpínlẹ̀ Alabama

Ìfáàrà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yíyàwòrán ilé, orí bébà ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, orí bébà náà ni ó sì máa ń parí sí. Akẹ́kọ̀ọ́ a ya ilé fún ẹni tí kò rí rí, sórí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí. A gbé àwòrán náà kọ́ ara ògiri, àwọn olùkọ́ a yí i ká, wọn a tú iṣẹ́ rẹ̀ wò finnífinní, wọn a sì fún un ní máàkì. Ọgbọ́n wà nínú ètò yìí. Níwájú ògiri yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ bí a ti ń gbèjà èrò ẹni àti bí a ti ń gba àtúnṣe lẹ́nu ẹlòmíràn. Yàrá ìyàwòrán tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ti jọ ń ṣe àìsùn a sì máa sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò sí láàárín wọn, ẹni náà sì ni ẹni tí yóò gbé inú ilé.

Ohun tí bébà yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni irú àjọṣe tí ó ń wáyé nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá mú ẹni yẹn wọ inú ètò ẹ̀kọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ohun tí ó yà. Ìpínlẹ̀ Alabama ní gúúsù Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ tí ó mú wá, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni ó ti dán irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wò níbẹ̀, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún síra wọn, tí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan já sí kò sì rí bákan náà.

Òṣùwọ̀n mẹ́ta

Òṣùwọ̀n tí ó yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìgbé-ayé àwùjọ Yorùbá, èyí tí Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1970, N. A. Fadipe sọ̀rọ̀ nípa àáró àti ọ̀wẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ohun kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ìwòyí a máa lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Nínú àáró, àwọn ẹlẹgbẹ́ mélòó kan ni yóò máa ṣiṣẹ́ yípo: lónìí oko Àjàyí, lọ́tùn-ún oko Òjó. Gbèsè ni àáró, ó sì ní iye. Ẹni tí a bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì fún yóò san ọjọ́ méjì padà. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ ńlá bá délẹ̀ fún, bí ilé mímọ tàbí òrùlé bíbò, yóò bẹ ẹbí, ọ̀rẹ́ àti àna rẹ̀, yóò sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Kò sí ẹni tí yóò jókòó ka ọjọ́ fún un bí ti àáró, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í yọjú sí ọ̀wẹ̀ ẹlòmíràn yóò pariwo títí ní ọjọ́ tirẹ̀ ni, kò ní í rí èrò.

Ẹ̀kẹta ni sàráà. Nínú sàráà, àtifúnni àti àtigbà kì í pààrọ̀ àyè: ọwọ́ kan wà lókè, ọwọ́ kejì wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí. Sàráà dára fún ẹni tí ebi ń pa, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni méjì di ẹlẹgbẹ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ní òun ń fi ilé kíkọ́ da àwùjọ pọ̀ nìyí: èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń ṣe?

Bíríkì Tuskegee

Ní 1881 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee sílẹ̀ fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, ọdún 16 péré lẹ́yìn tí òfin fòpin sí oko-ẹrú ní Amẹ́ríkà. Booker T. Washington, tí wọ́n bí sínú oko-ẹrú, ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní ilé, kò sì ní owó tí yóò fi gbé iṣẹ́ fún kọngílá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n wa amọ̀, àwọn ni wọ́n ṣe bíríkì, àwọn náà ni wọ́n sun ún. Washington kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni bíríkì náà bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú iná, àti pé aago òun ni òun fi dógò kí wọ́n tó rí owó dá ìkẹrin. Ní 1892 ni Robert R. Taylor dé sọ́dọ̀ wọn, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó kẹ́kọ̀ọ́ yege nínú iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ní MIT. Òun ni ó ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí ó kù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ́ wọn.

Àáró ni èyí, kódà àáró tí ó ta ìran síra. Ẹni tí ó gbé bíríkì ni ó sùn sábẹ́ òrùlé, àwọn tí wọ́n wọlé ní ọdún yìí sì ń kọ́lé de àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí àwọn ti ìṣáájú ti kọ́ ọ dè wọ́n. Washington tún ṣàkíyèsí ohun mìíràn tí ó dùn mọ́ ọn púpọ̀: àwọn òyìnbó agbègbè náà, tí kò fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́ náà tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ra bíríkì lọ́dọ̀ wọn, òwò náà sì mú kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Níbi tí bíríkì mọ nìyẹn. Ní 1901 ni Alabama ṣe ìwé-òfin tuntun tí ó gba ìbò lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn oníbàárà bíríkì kò sì dí i lọ́wọ́. Ní 1903, W. E. B. Du Bois bu ẹnu àtẹ́ lu ìlànà Washington: ó gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ dára, ṣùgbọ́n kò gbà pé kí á fi rọ́pò ẹ̀tọ́ ìdìbò àti ẹ̀kọ́ gíga. Àríyànjiyàn wọn kì í ṣe ti iṣẹ́ ìkọ́lé nìkan, ṣùgbọ́n ó kan iṣẹ́ ìkọ́lé gbọ̀ngbọ̀n.

Auburn ní àgbègbè Hale

Yunifásítì Auburn kò jìnnà sí Tuskegee rárá, síbẹ̀ 1964 ni ó tó gba akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Ní 1993, méjì nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀, Samuel Mockbee àti D. K. Ruth, dá Rural Studio sílẹ̀. Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní yàrá ìyàwòrán lọ sí àgbègbè Hale ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ìrìn bíi wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀. Ilẹ̀ òwú ni Hale, àwọn tí òṣì kò jẹ́ kí wọ́n sinmi ni ó sì pọ̀ níbẹ̀. Ojú àwọn ará ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí àlejò tí ó wá wo òṣì. Ní 1936 ni James Agee àti Walker Evans wá kọ̀wé, tí wọ́n wá ya fọ́tò àwọn àgbẹ̀ aláìnílẹ̀, ìwé wọn sì jáde ní 1941. Wọ́n wò, wọ́n kọ, wọ́n lọ.

Ohun tí Mockbee ṣe tí ó yàtọ̀ ni pé ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé níbẹ̀. Ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́, èyí tí ó parí ní 1994, jẹ́ ti tọkọtaya àgbàlagbà kan tí wọ́n ń tọ́ ọmọ-ọmọ. Ìdì koríko gbígbẹ ni wọ́n tò bíi bíríkì, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, kí otútù àti ooru má baà wọlé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbalasa ni wọ́n ṣe síwájú rẹ̀, nítorí pé ìta ni ilé gbé ń gba àlejò ní ilẹ̀ yẹn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé ti rí níhìn-ín. Ní 2000 wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ kíkì mọ ògiri gbọ̀ngàn àdúgbò kan ní Mason's Bend, wọ́n sì fi gíláàsì iwájú ọkọ̀ àlòkù bo apá kan rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja. Òkìkí wọn kàn káàkiri. Ní ọdún yẹn kan náà ni Mockbee gba ẹ̀bùn MacArthur. Ó kú ní oṣù Kejìlá 2001.

Ibi tí ó gba àròjinlẹ̀ wà nínú òkìkí yẹn. Ilé oníkoríko kò ní ẹgbẹ́. Aládùúgbò tí ó bá rí i tí ó wù ú kò lè sọ pé kí wọ́n kọ́ irú rẹ̀ fún òun, nítorí pé kò sí iye tí a lè dá lé e, kò sì sí bíríkìlà tàbí káfíńtà agbègbè tí ó mọ̀ ọ́n kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, onílé rí ilé gbé, ṣùgbọ́n onílé kò ní ohun tí ó lè béèrè ju ohun tí wọ́n bá fún un lọ. Ó súnmọ́ sàráà, bí ó ti wù kí ọwọ́ tí ó ṣe é mọ́ tó.

Àwọn tí wọ́n gba iṣẹ́ lẹ́yìn Mockbee, tí Andrew Freear ṣe olórí wọn, dàbí ẹni pé wọ́n rí èyí. Ní 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé tí iye rẹ̀ kò ní í ju 20,000 dọ́là lọ, nítorí wọ́n ti ṣírò rẹ̀ pé èyí ni gbèsè tí àgbàlagbà tí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba nìkan ń wọlé fún lè san díẹ̀díẹ̀. Nínú rẹ̀, nǹkan bí 12,000 yóò lọ sórí ohun èlò, ìyókù yóò jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ àti kọngílá. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tún irú ilé kan náà yà, tí wọ́n ń tún un kọ́, ilé tí kò fani lójú. Orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì fi ń pè é.

Àṣà méjì mìíràn ló tún fà wọ́n súnmọ́ ọ̀wẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́, tí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ jásí pé láti ọrùn lọ sísàlẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ wà fún: wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń kun ọ̀dà, wọ́n sì ń tún ohun tí àwọn tí ó ṣáájú wọn kọ́ ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì ya nǹkan kan a ti san gbèsè ẹlòmíràn. Èkejì ni àsè ọdọọdún, níbi tí wọ́n ti ń sun ẹlẹ́dẹ̀, tí àlejò, olùkọ́ àti àwọn ará àgbègbè sì jọ ń rìn láti ilé kan dé èkejì. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ níwájú onílé, kì í ṣe níwájú ògiri. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n wà ní ọdún ìparí kì í lọ lẹ́yìn ìgboyè. Wọn a dúró títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ìlú

Newbern ni ibùdó wọn, ìlú kékeré tí èrò inú rẹ̀ kò tó 200, tí aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ilé fún àwọn panápaná olùyọ̀ǹda níbẹ̀ ní bíi 2004, ilé ìlú àkọ́kọ́ láti 110 ọdún. Ní 2011 wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ìlú tí a fi igi ńláńlá tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ ilé báńkì àtijọ́ kan di ilé ìkàwé. Bí ènìyàn bá wo àwòrán ìlú náà nìkan, yóò ní àwùjọ ti dúró.

Ṣùgbọ́n fún nǹkan bí 60 ọdún, Newbern kò dìbò. Ẹni tí ó wà nípò ni ó ń fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, òyìnbó ni gbogbo àwọn olórí ìlú náà sì jẹ́. Ní 2020, Patrick Braxton, ọ̀kan nínú àwọn panápaná olùyọ̀ǹda, nìkan ni ó fi orúkọ sílẹ̀ fún ipò olórí ìlú, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nípò náà. Ẹ̀sùn tí ó gbé lọ sílé ẹjọ́ ni pé àwọn ìgbìmọ̀ àtijọ́ ṣe ìpàdé ìkọ̀kọ̀, wọ́n fi ara wọn jẹ, wọ́n sì pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ìlú mọ́ ọn lójú. Ní 2024 ni wọ́n tó parí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àdéhùn níwájú ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n sì gbà á ní olórí ìlú.

A kò lè di ẹ̀bi èyí ru akẹ́kọ̀ọ́ tí ó to igi lé igi. Síbẹ̀ ó fi ohun kan hàn tí máàkì olùkọ́ kò lè wọ̀n. Ọ̀wẹ̀ Yorùbá ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n ti mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ àti ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ í sọ. Kò sí ẹni tí í bẹ ọ̀wẹ̀ fún ilé tí kò mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Auburn kọ́ ẹ̀kọ́ nípa igi, òjò, ooru, owó àti sùúrù. Ta ni ó lè ṣí ilẹ̀kùn náà, ta ni ó lè tì í, kò sí nínú ohun tí àwòrán ilé ń béèrè, gẹ́gẹ́ bí ìbò kò ti sí nínú iye bíríkì Tuskegee.

Ní oṣù Kẹjọ 2025, Newbern dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìlú ti dáyé. Braxton ní ìbò 66, alátakò rẹ̀ ní 26. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn náà ti lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n ń ya ilé.