Àrùn Ọmú Wíwú Lára Màlúù: Bí A Ṣe Lè Dènà Rẹ̀ Kí Wàrà Lè Dára ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Wàrà kì í ṣe ohun àjèjì ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn obìnrin Fúlàní ti ń gbé igbá nónò àti wàrà tó ti dì wá sí ọjà wa láti inú gáà. Ẹlòmíràn ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ń dín in nínú òróró, ẹlòmíràn sì ń fi í sínú ọbẹ̀ dípò ẹran. Nítorí náà, ohun tó bá ń ṣe ọmú màlúù kì í ṣe ọ̀rọ̀ darandaran nìkan. Ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Àrùn tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni àrùn ọmú wíwú, èyí tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní mastáítìsì. Ibi gbogbo lágbàáyé tí a ti ń sin màlúù fún wàrà ni a ti mọ̀ ọ́n, ó sì wà lára àwọn àrùn tó ń mú kí àwọn olówó màlúù pàdánù jù lọ. Púpọ̀ nínú ohun tí a fi ń dènà rẹ̀ kò ju omi, ọṣẹ àti àkíyèsí lọ.

Bí àrùn náà ṣe ń wọlé

Yàrá mẹ́rin ló wà nínú ọmú màlúù, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ní orí ọmú tirẹ̀. Yàrá kan kò já sí èkejì; ìdí nìyí tí àrùn fi lè mú ọ̀kan láìkan mẹ́ta tó kù. Ihò tín-ín-rín kan wà ní ṣóńṣó orí ọmú kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wàrà ń gbà jáde, ibẹ̀ náà sì ni kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí ń gbà wọlé. Lẹ́yìn tí a bá fún wàrà tán, ihò náà kì í pa dé lójú ẹsẹ̀. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí 60. Bí màlúù bá dùbúlẹ̀ sórí ẹrẹ̀ tàbí ìgbẹ́ láàárín àkókò yìí, àrùn ti rí ọ̀nà wọlé nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ni a lè pín àwọn kòkòrò náà sí. Àwọn kan, bíi Staphylococcus aureus, ń gbé inú ọmú màlúù tó ń ṣàìsàn. Ọwọ́ ẹni tó ń fún wàrà, àkísà tí a fi ń nu ọmú, àti ẹnu ọmọ màlúù tó ń mu ọmú kiri ló ń gbé wọn dé ara màlúù mìíràn. Àwọn kejì, bíi E. coli, ń gbé inú ìgbẹ́, ẹrẹ̀ àti omi ìdọ̀tí.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti ẹrẹ̀ yìí ṣe pàtàkì fún wa lásìkò yìí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni Olóògbé Rótìmí Akérédolú, tó jẹ́ Gómìnà nígbà náà, fi ọwọ́ sí òfin tó ka fífi ẹran jẹko ní gbangba léèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú kan ni òfin fẹ́ kí a ti máa sin màlúù. Màlúù tó ń rìn kiri máa ń fi ìgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn. Èyí tó wà lójú kan yóò sùn lé e lórí bí olówó rẹ̀ kò bá kó o. Ẹni tó bá fẹ́ sin màlúù lójú kan kò gbọdọ̀ fi ìmọ́tótó ibẹ̀ ṣeré, pàápàá ní àsìkò òjò.

Èyí tó hàn àti èyí tó fara pamọ́

Nígbà mìíràn, àrùn náà máa ń hàn sí gbogbo ojú. Ọmú yóò wú, yóò pọ́n, yóò gbóná, màlúù yóò sì máa tàpá bí a bá fọwọ́ kàn án. Wàrà rẹ̀ lè ṣàn bí omi, ó lè ní èérún tó dì nínú, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún wà nínú rẹ̀. Bí ó bá le gan-an, màlúù kò ní jẹun mọ́, ó sì lè kú.

Ṣùgbọ́n èyí tó fara pamọ́ ló wọ́pọ̀ jù. Ọmú kò wú, àwọ̀ wàrà kò yí padà. Kìkì pé wàrà náà ń dín kù díẹ̀díẹ̀ ni. Màlúù funfun ti àwọn Fúlàní tó wọ́pọ̀ lágbègbè wa kì í sábà fún wa ní ju lítà 1 sí 2 lọ lójúmọ́, lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀. Bí àrùn bá pẹ́ nínú yàrá kan, inú yàrá náà lè di àpá, kí ó má sì sun wàrà mọ́ láéláé. Nínú gáà, owó wàrà sábà máa ń jẹ́ owó obìnrin ilé. Òun ló fi ń gbọ́ bùkátà ọmọ. Ọmọ màlúù pàápàá kò ní yó, kò sì ní dàgbà bó ṣe yẹ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà tètè mọ̀.

Èkíní, kí a tó fún wàrà sínú igbá, kí a kọ́kọ́ fún díẹ̀ láti orí ọmú kọ̀ọ̀kan sínú àwo dúdú tàbí sórí aṣọ dúdú. Èérún tó dì yóò hàn kedere lórí ohun dúdú. Kí a má ṣe fún un sí àtẹ́lẹwọ́, kí ọwọ́ má baà gbé àrùn lọ sí ara màlúù mìíràn.

Èkejì ni àyẹ̀wò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní Kalifóníà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1957. A ó po wàrà láti orí ọmú kọ̀ọ̀kan mọ́ oògùn kan nínú àwo olójú mẹ́rin. Wàrà tó ní àrùn yóò ki, yóò sì máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Dókítà ẹranko lè ṣe èyí fún yín.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn onímọ̀ ní Pakistan fi ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ṣe fún àwọn tí kò rówó ra oògùn náà. Ẹ po ọṣẹ náà, ṣíbí ìmutíì 6, sínú ìdajì lítà omi. Ẹ da wàrà àti omi ọṣẹ náà ní ìwọ̀n kan náà sínú ife, kí ẹ sì mì í. Bí ó bá ki, ẹ pe dókítà. Ẹ da wàrà tí ẹ fi ṣe àyẹ̀wò nù.

Ohun tó ń dènà àrùn náà

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fún wàrà, kí ẹ sì tún fọ̀ ọ́ kí ẹ tó bọ́ sí ara màlúù mìíràn.

2. Ẹ fọ orí ọmú, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Aṣọ kan fún màlúù kan; àkísà kan fún gbogbo agbo ń pín àrùn kiri ni.

3. Èyí tí ara rẹ̀ le ni kí ẹ kọ́kọ́ fún. Èyí tó ń ṣàìsàn ni kí ó kẹ́yìn.

4. Ẹ ti orí ọmú kọ̀ọ̀kan bọ oògùn aláyódíìnì tí a ṣe fún ọmú màlúù ní kété tí ẹ bá fún wàrà tán.

5. Ẹ fún màlúù ní oúnjẹ lẹ́yìn náà, kí ó lè wà lórí ìdúró títí ihò ọmú yóò fi pa dé.

6. Ẹ kó ìgbẹ́ lójoojúmọ́, ẹ la ojú ọ̀nà fún omi, kí ẹ sì máa já eégbọn tó ń dá egbò sí ọmú.

7. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ màlúù mu ọmú ìyá tó ń ṣàìsàn kí ó tún lọ mu ti òmíràn.

8. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dáwọ́ fífún wàrà dúró kí màlúù tó tún bímọ, ẹ bi dókítà nípa oògùn tí a ń fi sínú ọmú lásìkò náà. Èyí tí àrùn náà kò fi sílẹ̀ rárá, ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tí ẹ ń fún.

Irú ìlànà báyìí ni àwọn onímọ̀ kó jọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1960, tí àrùn náà sì fi dín kù gidigidi lọ́dọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́

Àwọn kan máa ń ra oògùn apakòkòrò bíi oxytetracycline, wọn a sì gún màlúù fúnra wọn. Ewu wà nínú èyí. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò ni oògùn kan ń pa. Bí a bá sì lò ó láìpé ìwọ̀n, èyí tó kù yóò mọ oògùn náà, kò sì ní ràn án mọ́. Oògùn náà tún máa ń jáde nínú wàrà. Ó lè dá àìsàn sí ara ẹni tí oògùn bíi pẹnisílíìnì kò bá lára mu, ó sì lè mú kí àwọn oògùn kan náà má ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà tí ọmọ ènìyàn bá ń ṣàìsàn. Sísè kò lè mú un kúrò tán. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ mu wàrà màlúù tó ń gba ìtọ́jú, a kò sì gbọdọ̀ tà á, títí iye ọjọ́ tí dókítà dá yóò fi pé. Ẹ dà á sínú ihò kí ẹ sì bò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra wàrà

Ẹ se wàrà tútù dáadáa kí ẹ tó mu ún, nítorí sísè ń pa kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ọ̀pọ̀ àrùn mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé Staphylococcus aureus lè fi májèlé sílẹ̀ nínú wàrà, iná kì í sì í pa májèlé yìí. Ó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru láàárín wákàtí díẹ̀. Iná kò lè sọ wàrà àìsàn di wàrà rere. Láti ara màlúù ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí kì í ṣe pé kí a sá fún wàrà tàbí kí a kẹ́gàn àwọn tó ń tà á. Ẹ ra èyí tí wọ́n bò, tí kò pẹ́ nínú oòrùn, tí òórùn rẹ̀ kò sì yí padà. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá màlúù rẹ̀ ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ má sì ná ẹni tó dà wàrà àìsàn nù ní ìnákúnàá nígbà tó bá gbé èyí tó dára wá.

A rọ ẹ̀yin olówó màlúù pé kí ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ọmú bá le bí òkúta. Ẹ lọ béèrè dókítà ẹranko ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín: ní Ìkàrẹ́ fún Àríwá-Ìlà-Oòrùn Àkókó, ní Ọ̀kà fún Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó. Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó fún wàrà, ẹ fi àwo dúdú wo ti màlúù kọ̀ọ̀kan.