Pípa Kòkòrò Àrùn Nínú Omi Ìdọ̀tí Ìlú

Omi ìdọ̀tí tí ń ti ilé ìwẹ̀, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú wá máa ń kọ́kọ́ gba ìtọ́jú méjì: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò silẹ̀, bakitéríà yóò sì jẹ ẹ̀gbin tí ó yòrò sínú rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ mọ́ lójú nígbà náà, kòkòrò àìfojúrí tí ń fa onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ṣì lè wà nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn inú rẹ̀ kí wọ́n tó tú u sódò tàbí kí wọ́n tó fi bomi rin oko.

Kilorínì ni ó wọ́pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ gáàsì, ó sì lè jẹ́ olómi, irú èyí tí ó wà nínú bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Ìwọ̀n rẹ̀ nìkan kò tó, àkókò tí ó fi wà nínú omi ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, bí wọ́n bá fẹ́ fi kilorínì tọ́jú omi tí yóò kan ewébẹ̀ jíjẹ, ìwọ̀n kilorínì tí ó ṣẹ́kù nínú lítà kan, ní mìlígíráàmù, tí a fi ìṣẹ́jú sọ di púpọ̀, kò gbọdọ̀ dín sí 450, àkókò náà kò sì gbọdọ̀ dín sí ìṣẹ́jú 90. Èyí já sí mìlígíráàmù 5 fún ìṣẹ́jú 90. Ṣùgbọ́n àṣẹ́kù kilorínì ń pa ẹja, nítorí náà wọ́n máa ń fi kẹ́míkà mìíràn, bíi sodium bisulfite, pa agbára rẹ̀ kí omi tó dé odò. Kilorínì tún ń bá ẹ̀gbin inú omi ṣẹ̀dá àwọn èròjà olóró bíi chloroform, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ran Cryptosporidium, kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru.

Ìtànṣán ultraviolet, tí iná mẹ́kúrì ń tàn ní nǹkan bí nanómítà 254, ń ba DNA kòkòrò jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí kò fi lè bímọ mọ́, ó sì kápá Cryptosporidium. Kò fi kẹ́míkà kankan sílẹ̀, àmọ́ bí omi bá rú, kòkòrò á sá pamọ́ sẹ́yìn ìdọ̀tí tí ń léfòó.

Ósóònù, gáàsì tí iná mànàmáná ń fi ọ́síjìn ṣe, lágbára ju kilorínì lọ, ṣùgbọ́n ó tètè ń pòórá, kò ṣeé tọ́jú pamọ́, ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ lò ó ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣe é, ó sì gbówó lórí.

Nítorí pé kò sí èyí tí kò ní àléébù, àwọn ìlú kan ń da ọ̀nà wọ̀nyí pọ̀. Ní Windhoek, olú ìlú Nàmíbíà, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, láti ọdún 1968 ni wọ́n ti ń sọ omi ìdọ̀tí di omi mímu ní Goreangab. Ní ilé iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní ọdún 2002, ósóònù, èédú asẹ́mi àti awọ asẹ́mi ni omi ń gbà kọjá. Kilorínì ni wọ́n ń fi kádìí rẹ̀, nítorí òun nìkan ni ó ń kù sínú omi láti máa ṣọ́ ọ títí dé ẹnu ẹ̀rọ inú ilé.