Ṣé o mọ̀? Rélùwéè sọ ìlú lórúkọ láti A dé Z

Ní Saskatchewan, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ọ̀wọ́ ìlú kéékèèké kan wà lẹ́bàá ojú irin tí orúkọ wọn tò tẹ̀lé ara wọn bíi A, B, C. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè Grand Trunk Pacific ló sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń la ọ̀nà náà ní nǹkan bí ọdún 1907 sí 1908: Fenwood, Goodeve, Hubbard, Ituna, Jasmin, Kelliher, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà yẹn, ibùdókọ̀ rélùwéè kan kì í jìnnà púpọ̀ sí èkejì, torí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà ni àgbẹ̀ fi ń kó àlìkámà wá, ó sì gbọ́dọ̀ lè lọ kó bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Àká ọkà onípákó gíga fíofío ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Pákó tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ léra wọn, tí wọ́n kàn níṣòó, ni ògiri rẹ̀, kí ìwúwo ọkà má baà bẹ́ ẹ. Bẹ́líìtì tó ní garawa kéékèèké lára ló ń gbé ọkà ròkè. Wọ́n á wá kọ orúkọ ìlú gàdàgbà sára rẹ̀.

Ó dunni pé wọ́n ti wó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibùdókọ̀ àti àká wọ̀nyí. Ẹni tó bá ń wá ojúkò wọn lónìí, kó máa tẹ̀ lé lẹ́tà orúkọ ìlú lórí máàpù títí dé Watrous, Xena, Young àti Zelma. Lẹ́yìn Zelma, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti A: Allan, Bradwell, Clavet.