Eré sísá nígbà òtútù: Ìdí tí aṣọ tó rin fi léwu ju yìnyín lọ

Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Toronto, Chicago tàbí Manchester á ti rí irú fídíò yìí lórí WhatsApp rí. Oṣù Kìíní ọdún ni, yìnyín ti bo ilẹ̀, igi ò léwé lórí, síbẹ̀ èèyàn kan wọ bàtà eré, ó fa fìlà bo etí, ó ń sáré lọ lẹ́bàá títì. Àwọn tó ń wò ó nílé á sì bẹ̀rẹ̀: "Kí ló ń ṣe eléyìí? Ṣé òtútù ò ní pa á báyìí?"

Òtútù lè pa èèyàn lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tó ń fi eré sísá najú nílẹ̀ òtútù mọ nǹkan kan tí ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí kì í tètè mọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí yìnyín wà nílẹ̀ tí ojú ọjọ́ sì pa rọ́rọ́ ni wọ́n ń bẹ̀rù jù. Ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, kódà kí òtútù má tíì dé ibi tí omi ti ń dì, ọjọ́ yẹn gan-an ló ń bá ọ̀pọ̀ asáré lójijì.

Kí ló fà á?

Ara ẹni tó ń sáré dà bí ààrò. Nínú agbára tí iṣan ara ń lò, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń di ooru. Ìdí nìyẹn tí asáré fi lè máa làágùn níbi tí ẹni tó dúró ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù ti ń gbọ̀n. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì ń lọ, iná ààrò ń jó nìyẹn.

Nǹkan mẹ́ta ló ń pa iná náà. Èkíní ni omi, ìbáà jẹ́ òjò tàbí òógùn. Omi ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Èkejì ni atẹ́gùn, tó ń gbá ooru tó yí awọ ara ká lọ. Bí òtútù bá jẹ́ ìwọ̀n 10 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan, bíi 20 sísàlẹ̀ òdo ni yóò ṣe rí lára. Ẹ̀kẹta ni kó rẹ asáré débi tó fi ní láti dẹsẹ̀ tàbí kó dúró. Ààrò ti kú nìyẹn, aṣọ tó rin sì wà lára síbẹ̀.

Ohun tójú rí ní Boston

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2018, nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí pàdé níbi eré ìje Boston Marathon ní Amẹ́ríkà. Òjò ń dà, atẹ́gùn ń fẹ́ bọ̀ láti iwájú, òtútù náà sì fi díẹ̀ ju òdo lọ. Àwọn tó nílò ìtọ́jú ìṣègùn lọ́jọ́ náà ju 2,000 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbajúgbajà asáré tó ń fi eré jẹun ló já sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ta ló wá borí? Yuki Kawauchi láti Japan ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà, tó jẹ́ pé àyè tí iṣẹ́ bá fún un ló fi ń sáré. Geoffrey Kirui, ọmọ Kenya tó gba ipò kìíní lọ́dún tó ṣáájú, ló wà níwájú títí eré fi fẹ́ parí kí Kawauchi tó yà á sílẹ̀. Nínú àwọn obìnrin, Desiree Linden ló gbégbá orókè, obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1985. Ẹni tó ṣe ìkejì, Sarah Sellers, nọ́ọ̀sì ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Kawauchi kì í ṣe àjèjì sí òtútù. Lọ́jọ́ kìíní ọdún yẹn gan-an, ó ti sá Márátọ́ọ̀nù kan ní Marshfield, tí kò jìnnà sí Boston, nínú òtútù tó wọ ìsàlẹ̀ òdo dáadáa. Nígbà tó borí ní Boston, ohun tó sọ fáwọn oníròyìn ni pé irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló bá òun lára mu jù.

Èèyàn 21 kú ní China

Ní Boston, dókítà àti àgọ́ ìtọ́jú wà káàkiri ojú ọ̀nà. Lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Gansu, lórílẹ̀-èdè China, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni asáré 172 bẹ̀rẹ̀ eré kìlómítà 100 níbẹ̀. Ṣòkòtò péńpé àti ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀. Nígbà tó di nǹkan bí ọ̀sán, ojú ọjọ́ yí padà bìrí: òjò tó tutù bíi yìnyín ń rọ̀, atẹ́gùn líle sì ń jà. Èèyàn 21 ló kú.

Darandaran kan, Zhu Keming, tó ti sá wọ inú ihò àpáta nítorí òjò náà, rí àwọn asáré tí ara wọn ti gan. Ó kó wọn wọlé, ó dáná, ó sì fi aṣọ ìbora bò wọ́n. Èèyàn mẹ́fà ló gbà là. Ẹ wò ó dáadáa: ibi tí atẹ́gùn ò dé, iná, àti aṣọ gbígbẹ ló gba ẹ̀mí wọn là.

Báwo ni kí asáré ṣe múra?

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nílẹ̀ òtútù, ojú ọjọ́ ni asáré ń wò kó tó wọṣọ. Àwọn nǹkan tí wọ́n máa ń sọ fún ara wọn nìyí:

Ẹ má wọ aṣọ òwú mọ́ ara. Òwú máa ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Aṣọ polyester tàbí èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ló dáa. Lórí rẹ̀, ẹ wọ aṣọ tó ń mú ooru dúró, lẹ́yìn náà jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá.

Ẹ má kó aṣọ jọ jù. Bí ara yín bá ti ń móoru kẹ́ ẹ tó gbéra, aṣọ yẹn ti pọ̀. Ó yẹ kí òtútù mú yín díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Ẹ bo etí, ọwọ́ àti orí. Fìlà àti ìbọ̀wọ́ ò ṣòro láti bọ́ sápò bí ooru bá dé.

Ẹ kọjú sí atẹ́gùn nígbà ìlọ, kó lè máa ti yín lẹ́yìn nígbà àbọ̀ tẹ́ ẹ ti làágùn.

Bó bá jẹ́ ìdíje ni, ọ̀pọ̀ máa ń wọ náílọ̀nù ìdalẹ̀sí ńlá, wọ́n á gé ojú ihò fún orí àti apá, wọ́n á sì jù ú nù bí eré bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún fi aṣọ gbígbẹ pamọ́ síbi tí eré máa parí sí.

Ní ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Britain tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, parkrun wà níbẹ̀. Ìlú London ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004 pẹ̀lú asáré 13. Kìlómítà márùn-ún ni, àràárọ̀ Sátidé ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí omi bá dì sójú ọ̀nà, wọ́n máa ń fagi lé e. Bí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ bá ní eré ò sí lónìí, kẹ́ni tuntun padà sílé.

Àmì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀

Ara tó dá ṣáṣá máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 37. Bó bá ti wálẹ̀ ju 35 lọ, ewu dé. Ara á máa gbọ̀n, ìka ò ní lè fa síìpù mọ́, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu, ẹni náà á sì máa jiyàn pé kò sóhun tó ṣe òun. Bí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró tí ara ò sì tíì móoru, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré.

Ẹ gbé e kúrò nínú atẹ́gùn, ẹ bọ́ aṣọ tó rin, ẹ fi èyí tó gbẹ wé e, títí kan orí. Bí ojú rẹ̀ bá dá, ẹ fún un ní tíì tó gbóná tó sì dùn. Ẹ má fún un ní ọtí o. Ẹ pe 999 ní Britain, 911 ní Amẹ́ríkà àti Canada.

Nítorí náà, bí fídíò yẹn bá tún wọlé sórí fóònù, ìbéèrè tó yẹ kí ìyá bi ọmọ rẹ̀ ni pé: "Ṣé o mú aṣọ gbígbẹ dání? Ta ló mọ ibi tó o gbà?"